Bí A Ṣe Lè Fi Ìlànà Lean Sọ Kíliaránsì Di Iṣẹ́ Ọjọ́ Díẹ̀ ní Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti gbìyànjú láti mú kí kíliaránsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ (fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń buwọ́ lù pé akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ gbèsè) yá, tí ìgbìyànjú náà kò sì so èso. Wọ́n á yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ á jókòó, lẹ́tà á lọ sí gbogbo ọ́fíìsì pé kí wọ́n jára mọ́ṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ lè ra kọ̀ǹpútà tuntun. Síbẹ̀, bí àkókò àtikó orúkọ àwọn agùnbánirọ̀ ránṣẹ́ sí NYSC bá tún tó, akẹ́kọ̀ọ́ á tún máa wọkọ̀ láti Òkìtìpupa àti Ìkàrẹ́ wá sí Àkúrẹ́ nítorí ìbuwọ́lù kan ṣoṣo. Ohun tó ń fà á ni pé ènìyàn ni a máa ń dojú àtúnṣe kọ, a kì í wo ọ̀nà tí ìwé ń gbà. Ẹni tó bá bá fọ́ọ̀mù kan rìn láti tábìlì dé tábìlì yóò rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ìwé náà ń sùn láàárín iṣẹ́ ẹnì kan àti iṣẹ́ ẹnì kejì.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, alámòójútó ìdánwò, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Rẹ́jísírà, yálà FUTA ní Àkúrẹ́ lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tàbí UNIMED ní ìlú Oǹdó, tàbí Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀. Ìlànà tí a ó lò ni Lean, ìyẹn ọ̀nà àtiyọ ohun tó ń fi àkókò àti agbára ṣòfò kúrò nínú iṣẹ́, èyí tó ti ọ̀dọ̀ Toyota ní ilẹ̀ Japan jáde, tí Yunifásítì Cardiff ní Wales àti ti St Andrews ní Scotland sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ọdún 2006. Kíliaránsì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ nítorí pé kò sí ọ́fíìsì tí kò kàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lórí kíliaránsì yóò mọ̀ ọ́n ṣe lórí transcript àti èsì ìdánwò pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ẹnì kan tí àṣẹ rẹ̀ dé gbogbo ọ́fíìsì tí ìwé náà ń gbà kọjá. Olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kò lè pàṣẹ fún ilé ìkàwé, bẹ́ẹ̀ ni bọ́sà (ọ̀gá tó ń mójútó owó yunifásítì) kò lè pàṣẹ fún ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà Rẹ́jísírà tàbí igbákejì rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí ó kọ lẹ́tà olójú-ìwé kan tí yóò sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ìgbà tí yóò parí, àti pé kò sí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohunkóhun tí a bá rí. Ẹ má ṣe fojú kéré gbólóhùn ìkẹ́yìn yẹn. Ìbọ̀wọ̀ fún ènìyàn jẹ́ ọ̀kan nínú òpó méjì tí Toyota gbé ìlànà rẹ̀ lé, ìkejì rẹ̀ ni àtúnṣe tí kì í dáwọ́ dúró. Òṣìṣẹ́ tó bá ń fura pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni wọn yóò fi lé òun lọ kò ní sọ òótọ́ fún yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló mọ kùlẹ̀kùlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ìkejì ni ènìyàn márùn-ún sí méje tí ọwọ́ wọn ń kan ìwé náà gan-an: alámòójútó ìdánwò láti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì bọ́sà, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ẹnì kan láti họ́sítẹ̀ẹ̀lì, àti ẹni tó ń mójútó kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíliaránsì tirẹ̀ kún wọn, nítorí pé òun nìkan ló rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó rìn ín tán rí. Apá tó kan kálukú ni kálukú mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fọ́ọ̀mù kíliaránsì 30 tó ti parí lọ́dún tó kọjá, pépà fífẹ̀ tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ògiri, máákà aláwọ̀ mẹ́ta, fóònù tó ní aago, àti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ó ti dán an wò. Ẹ kò nílò kọngílá, ẹ kò sì nílò pọ́tàlì tuntun ní báyìí.

Ìpele 1: Ẹ yan ìwé kan, kí ẹ sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀

Ẹ kọ gbólóhùn kan péré tó sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti ẹni tí a ń ṣe é fún. Fún kíliaránsì, a lè kọ ọ́ báyìí: “Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gba fọ́ọ̀mù, ó sì parí lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn tí kò jẹ yunifásítì ní gbèsè ohunkóhun.” Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí olúkúlùkù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ kí orúkọ òun jáde kí àkókò NYSC tó kọjá. Yunifásítì ń fẹ́ mọ̀ pé owó ti pé, ìwé ilé ìkàwé ti padà, èsì ìdánwò sì ti pé pérépéré. Ohunkóhun tí kò bá ran ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lọ́wọ́ ni ẹ ó máa fura sí láti ìsinsìnyí lọ.

Ibi méjì ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà níbí. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ tún gbogbo ìṣàkóso yunifásítì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á sì di ti ìgbìmọ̀ tí kò ní parí. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù dé orí tábìlì tiwọn. Bí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan bá ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, gbogbo wọn ni yóò sọ pé ọjọ́ kan ni àwọn lò, akẹ́kọ̀ọ́ á sì ti lo oṣù méjì. Ọjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ kà.

Àyẹ̀wò: Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin náà sínú ìwé tirẹ̀ láìwo ti ẹlòmíràn. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá dọ́gba, ẹ má tíì kọjá sí ìpele kejì.

Ìpele 2: Ẹ bá ìwé náà rìn

Ẹ̀yin méjì, ẹ mú fọ́ọ̀mù kan dání, kí ẹ sì tẹ̀lé e. Ẹ dé ibi gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dé, ẹ gun àtẹ̀gùn tó ń gùn, ẹ dúró sórí ìlà tó ń dúró sí. Ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àkókò mẹ́ta sílẹ̀: ìgbà tí ìwé dé, ìgbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, ìgbà tó kúrò. Ẹ kọ iye fọ́ọ̀mù tí ẹ bá nílẹ̀, iye fọ́tòkọ́pì tí wọ́n béèrè, àti ìdí tí wọ́n bá fi dá ìwé padà. Bí wọ́n bá sọ pé “Ọmọ mi, ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, padà wá lọ́la,” ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú aago tí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ fara balẹ̀ wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti jókòó wo iṣẹ́ yìí, akọ̀wé kan ní rẹ́jísítà mẹ́ta níwájú rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá wọlé, yóò kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú èkíní. Bí ó bá gbé e wọlé fún ọ̀gá, yóò kọ ọ́ sínú èkejì. Bí ọ̀gá bá buwọ́ lù ú tán, yóò tún kọ ọ́ sínú ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín tábìlì akọ̀wé àti ti ọ̀gá. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, wọ́n ti ní mo sọ fáìlì kan nù rí.” Ẹni tó bá kàn tọ́ka sí rẹ́jísítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé iṣẹ́ àṣedànù ni kò tíì lóye iṣẹ́ náà. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò tún fẹ̀sùn kan òun ló kó rẹ́jísítà mẹ́ta jọ, ìbẹ̀rù náà ni a ó sì kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Lẹ́yìn ìrìn yìí, ẹ kó fọ́ọ̀mù 30 ti ọdún tó kọjá jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò ní déètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù tàbí nínú òǹtẹ̀. Ẹ kọ déètì wọ̀nyẹn sínú Excel tàbí sínú ìwé lásán, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà láàárín ọ́fíìsì kan àti èkejì. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí, kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ẹ wá ya gbogbo ọ̀nà náà sórí pépà ara ògiri, tábìlì kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú iṣẹ́ nísàlẹ̀ àti ọjọ́ ìdúró láàárín.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe kó ọ̀gá mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn lọ síbi ìrìn yìí. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀wọ́ àwọn ọ̀gá, ohun gbogbo á yí padà lọ́jọ́ náà, fọ́ọ̀mù tó ti sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó sì padà wálé pẹ̀lú irọ́. Ẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ bó ti yẹ, ẹ sọ fún wọn pé ìwé lẹ̀ ń wò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ tábìlì wá wo pépà ara ògiri. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sọ pé “Bí a ṣe ń ṣe é kọ́ nìyí,” ẹ tún un yà níṣojú rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí ni ẹ tó lè tẹ̀síwájú.

Ìpele 3: Ẹ ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdúró

Ẹ ro ìṣẹ́jú tí ọwọ́ fi kan ìwé náà pọ̀. Ká ní tábìlì 10 ló gbà kọjá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lo ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú 30 ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ìwé yẹn bá wá gba ọ̀sẹ̀ 6 kó tó parí, a jẹ́ pé gbogbo ìyókù jẹ́ ìdúró, ìrìn àti àtúnṣe. Ìdí nìyí tí sísọ fún òṣìṣẹ́ pé kó yára kò fi ń yí nǹkan kan padà: bí ó bá fi ìlọ́po méjì yára, ìṣẹ́jú 15 péré ló dín kù nínú ọ̀sẹ̀ 6.

Taiichi Ohno ti Toyota ka oríṣi ìfiṣòfò méje, àwọn tó tẹ̀lé e sì fi ìkẹjọ kún un. Nínú kíliaránsì, a lè tọ́ka sí gbogbo wọn: ìwé tó ń dúró de ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé fọ́ọ̀mù káàkiri ọgbà nínú oòrùn, òkìtì fọ́ọ̀mù lórí tábìlì, òṣìṣẹ́ tó ń wá fáìlì kan nínú kábínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, orúkọ tí a ṣì kọ tí a ní láti tún kọ, ìwé orúkọ tí a tẹ̀ jáde kí àtúnṣe tó parí, àti rìsíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tí ọ́fíìsì bọ́sà ń béèrè fọ́tòkọ́pì rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló já rìsíìtì náà. Ìkẹjọ ni ọgbọ́n òṣìṣẹ́ tí a kò lò, ó sì dùn mí ju ìyókù lọ. Akọ̀wé tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí tábìlì kan mọ ìdí tí ìwé fi ń padà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ẹ fi máákà àwọ̀ ewé sàmì sí ohun tó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí yunifásítì láǹfààní, ẹ fi pupa sàmì sí ìfiṣòfò, kí ẹ sì fi àwọ̀ yẹ́lò sàmì sí ohun tí òfin tàbí ìlànà owó fi dandan lé. Ibi yẹ́lò yìí ni wàhálà wà. Àwọn kan á ní gbogbo ìbuwọ́lù jẹ́ dandan, àwọn mìíràn á fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ bi ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: “Láàárín ọdún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ dá dúró, kí sì ni ẹ rí lọ́wọ́ wọn?” Ọ́fíìsì tó bá lè dárúkọ gbèsè tó rí ń ṣiṣẹ́ ìṣọ́ lóòótọ́. Ọ́fíìsì tí kò dá ẹnikẹ́ni dúró rí, tàbí tó jẹ́ pé ohun tó ń wò ti wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì mìíràn, ni ẹ ó gbé yẹ̀ wò ní ìpele tó kàn.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe yọ ìbuwọ́lù kankan láìpe ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò nínú yunifásítì wá síbi ìjókòó náà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ tán ni ó gbọ́, òun ni yóò dá a padà.

Àyẹ̀wò: Gbogbo àpótí ara ògiri ti ní àwọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò kọ̀ọ̀kan, òfin tàbí ìlànà tó fi dandan lé e wà ní kíkọ. “Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a” kì í ṣe òfin. Ẹ sọ ọ́ di pupa.

Ìpele 4: Ẹ yọ, ẹ pa pọ̀, ẹ sún ṣíwájú

Níbí ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti máa ń jáde, nítorí náà ẹ má kánjú.

Ohun tó dára jù láti kọ́kọ́ ṣe ni kí a dẹ́kun bíbi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tí àwọn díẹ̀ nìkan ní ìdáhùn sí. Ní báyìí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ sí ilé ìkàwé kí wọ́n lè kọ ọ́ fún un pé kò jẹ ìwé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yá ìwé kankan láti ibẹ̀ rí. Ẹ yí i padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹ́yìn, kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ fi orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹ́yìn ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé, sí bọ́sà àti sí họ́sítẹ̀ẹ̀lì lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan dá orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè nìkan padà láàárín ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú ohun tí wọ́n jẹ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ti bọ́, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní odidi ọdún kan láti san án, kò ní jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ NYSC fẹ́ gbéra ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Kí wọ́n tún ìwé gbèsè náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìdánwò ìkẹ́yìn nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ìwé.

Ẹ kíyè sí i pé ọ́fíìsì mẹ́ta ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, kò sí èyí tó ń dúró de èkejì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọ́fíìsì márùn-ún bá ń buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì to tẹ̀léra, ìwé lè lo ọ̀sẹ̀ 5 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣẹ̀. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ohun kejì ni kí a sún àyẹ̀wò lọ síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Èsì WAEC tàbí NECO akẹ́kọ̀ọ́ ni a yẹ̀ wò nígbà tó wọlé. Bí a bá tún ń béèrè rẹ̀ lọ́dún ìkẹ́yìn, a jẹ́ pé a kò fọkàn tán àyẹ̀wò tiwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ti ọdún kìíní múná dóko, kí a kọ àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Fún akọ̀wé onírẹ́jísítà mẹ́ta, ẹ fi rẹ́jísítà kan rọ́pò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìlà kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àyè mẹ́ta fún déètì ìwọlé, ìbuwọ́lù àti ìjáde. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí àyè tirẹ̀. Ààbò tí akọ̀wé náà ń wá ti wà níbẹ̀, kíkọ ìlọ́po mẹ́ta sì ti kúrò.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé yìí nìyí: ẹ má ṣe gbé ọ̀nà yìí sórí pọ́tàlì kí ẹ tó gé e kúrú. Bí ìbuwọ́lù 10 bá wà lórí pépà, tí ẹ sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ìdúró ní tábìlì 10 náà ni yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ á sì tún máa tẹ̀ ẹ́ jáde láti gbé e kiri nítorí pé ọ̀gá kan kò wo pọ́tàlì láti ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà, owó tí a ná á mú kó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ọ̀nà náà kò dára.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ gbèsè yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ́fíìsì kan lórí àwòrán tuntun yín. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ìpele 5: Ẹ jẹ́ kí ìwé máa ṣàn lójoojúmọ́

Ní ọdún 1961, John Little, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò hàn pé bí a bá pín iye ohun tó wà lórí ìlà pẹ̀lú iye tó ń parí lójúmọ́, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lò ni a ó rí. Ká ní fọ́ọ̀mù 600 ló wà káàkiri ọ́fíìsì, tí 20 sì ń parí lójúmọ́, ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí yóò dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 30. Bí ẹnì kan bá fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 3, kò dín ìlà kù, àwọn tí kò lẹ́ni ló gbé ẹrù ìdúró rẹ̀ lé lórí. Ọ̀nà méjì péré ló wà: kí a dín iye tó wà nílẹ̀ kù, tàbí kí a fi kún iye tó ń parí lójúmọ́.

Láti dín in kù, ẹ má ṣe gba gbogbo fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan. Ẹ fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ọ́fíìsì gba ìwọ̀n tó lè parí lọ́jọ́ kejì. Láti mú kí èyí tó ń parí pọ̀ sí i, kí olórí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ìbuwọ́lù, kí a sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ìwé 10 lójoojúmọ́ sàn ju ìwé 50 lọ́jọ́ Ẹtì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni. Kí gbogbo ìbuwọ́lù ní ẹni méjì tó láṣẹ rẹ̀ nípa lẹ́tà, kí ìrìn-àjò ọ̀gá sí Àbújá má baà dá gbogbo ẹ̀ka dúró. Nítorí iná BEDC tí kò ṣeé gbọ́kàn lé, kí ìwé gbèsè tí ilé ìkàwé àti bọ́sà fi ránṣẹ́ wà ní títẹ̀ lórí pépà pẹ̀lú, kí iṣẹ́ lè máa lọ nínú òkùnkùn.

Ó máa ń ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu lọ́dọọdún pé àwọn tó ń wá ìwé pọ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ iye akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹ́yìn ti wà lọ́wọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Àyẹ̀wò: Lójoojúmọ́, ẹ wo déètì fọ́ọ̀mù tó pẹ́ jù lórí tábìlì. Bí ó bá ti ju ọjọ́ iṣẹ́ 2 lọ, kí ẹ bi tábìlì náà ohun tó ń dí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kí ó tọ̀nà nígbà àkọ́kọ́

Bí tábìlì 10 bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba 90 wọlé nínú 100 láìdá wọn padà, èèyàn á rò pé ó dára. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí yóò la gbogbo wọn kọjá láìpadà kò ju nǹkan bíi 35 lọ nínú 100. Ìyókù yóò padà lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, ìpadà kọ̀ọ̀kan sì tún ń bẹ̀rẹ̀ ìdúró tuntun.

Ẹ ka ìdí tí ìwé fi ń padà fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì máa béèrè “Kí ló dé?” títí ẹ ó fi kan ìpìlẹ̀. Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù yìí fi padà? Orúkọ rẹ̀ kò bá ti pọ́tàlì mu. Kí ló dé? Akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ìdílé ṣáájú níbí, ó kọ ọ́ gbẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Kí ló dé? Fọ́ọ̀mù kò sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Kí ló dé? Ọ́fíìsì méjì ló ṣe fọ́ọ̀mù méjì láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ló dé? Kò sí ẹni tí fọ́ọ̀mù wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní gbogbo yunifásítì. Ẹ wò ó, bí ẹ bá dúró lórí ìdáhùn kejì, akẹ́kọ̀ọ́ lẹ ó bú. Ìdáhùn karùn-ún ni àtúnṣe wà: kí a yan ẹnì kan sídìí gbogbo fọ́ọ̀mù, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì rí orúkọ rẹ̀ ní títẹ̀ kí ó buwọ́ lù ú lọ́dún kìíní pé bí òun ṣe ń jẹ́ ẹ nìyẹn.

Àyẹ̀wò: Nínú fọ́ọ̀mù 20 tó parí kẹ́yìn, mélòó ni kò padà rárá? Ẹ kọ iye náà sára ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ dán an wò ní ẹ̀ka kan, kí ẹ tó tàn án ká

Ẹ lò ó ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan fún ìgbà kíliaránsì kan. Ẹ gbé pátákó kan kọ́ sí ojútáyé tó ní àyè mẹ́ta: tó ń bọ̀, tó wà lọ́wọ́, tó ti parí. Láràárọ̀, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n sọ ohun tó há àti ẹni tí yóò tú u. Orí ìdúró ni kí ìpàdé yìí ti wáyé. Bí àga bá ti wọ ibẹ̀, wákàtí kan ni yóò gbà.

Bí ìyanṣẹ́lódì bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́ọ̀mù tó ti kó jọ sọ́tọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ padà. Kí àwọn kan máa parí iṣẹ́ lórí èyí tó ti pẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí èyí tuntun máa bá ọ̀nà tuntun lọ. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, èyí tó pẹ́ yóò bo ọ̀nà tuntun mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn á sì ní kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀nà náà bá ti dúró, ẹ kọ ọ́ sí ojú-ìwé kan péré, kí àwọn tó ń ṣe é ló kọ ọ́. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kejì tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá wò ó fún ọjọ́ kan, kí ó sì yí ohun tó yẹ padà fún ipò tirẹ̀. Lẹ́tà àpapọ̀ pé kí gbogbo yunifásítì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ti pa irú iṣẹ́ yìí níbi púpọ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ojú-ìwé náà, kí ẹ wò ó bóyá ó lè ṣiṣẹ́ náà láìbi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ tún fa fọ́ọ̀mù 30 yọ láìṣà wọ́n, kí ẹ ka déètì inú wọn bí ẹ ti ṣe ní ìpele kejì, kí ẹ sì fi wé ti àtijọ́. Ọ́fíìsì tí ọjọ́ bá tún ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá ìwé rìn lọ lẹ́ẹ̀kan sí i.